Orin Tó Jáde Nínú Ẹkù

Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ àjọ̀dún, ẹ rán Mùíbátù sí mi pé kí n kọ ojú ìwé méjì nípa orin "Wẹsẹ̀ Kí O Wọlé" sínú ìwé tí ẹ fẹ́ tẹ̀. Ẹ ní mo jẹ́ tíṣà ní Ìdógò nígbà tí orin náà jáde, ẹ ní mo mọ ẹni tó kọ ọ́, ẹ ní ojú mi ṣì ń ríwèé. Ẹ fẹ́ ri òkúta dídán kan mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ sì kọ orúkọ ọkùnrin náà sí i lára. Ẹ ṣeun. Ojú ìwé méjì kò ní tó mi. Ẹni tó bá sú kó dá a dúró. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí ń bẹ ènìyàn kó wá gbọ́ ọ̀rọ̀.

Èmi kò ní dárúkọ ọkùnrin yẹn. Ó wà lára àwo, ó wà lórí fóònù yín, ó sì ti tó o. Tíṣà Onígìtá ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè é, ohun tí n óò máa pè é náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹkù, torí ibẹ̀ ni orin náà ti wá, kì í ṣe inú gìtá.

Ẹ̀yin kò mọ ẹkù. Ẹ̀rọ ni ẹ mọ̀. Ẹ ó da ẹyìn sí i lókè, epo a jáde nísàlẹ̀, ariwo rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí ẹni méjì gbọ́ ara wọn. Nígbà tiwa, kòtò ni. Ó fẹ̀ tó yàrá kékeré, a fi amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì rẹ́ inú rẹ̀, ó sì jìn dé orúnkún. A ó se ẹyìn mọ́jú, a ó gún un lódó, a ó dà á sínú kòtò, a ó pọn omi odò lé e lórí. Obìnrin mẹ́fà tàbí méje á bọ́ sínú rẹ̀, wọ́n á di ọ̀pá tí a fi dábùú rẹ̀ mú, wọ́n á máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì. Kò sí onílù kankan níbẹ̀. Ìró ẹsẹ̀ nínú omi ni ìlù wa, fọ̀ọ̀-pọ̀, fọ̀ọ̀-pọ̀, láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi rọ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni ẹyìn ń di epo. Bí ẹsẹ̀ ẹnìkan bá sáré ju ti ẹnìkejì lọ, omi á dà rú, epo kò ní léfòó. Ìdí tí a fi ń kọrin nìyẹn. Orin ló ń so ẹsẹ̀ pọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́kù, ìyá arúgbó tó ni kòtò náà, yóò jókòó sétí rẹ̀ pẹ̀lú igbá, yóò máa re epo bó ṣe ń léfòó, yóò sì máa bú wa. "Ìwọ yìí, ṣé ijó lo wá jó ni? Tẹ̀ ẹ́! Ẹsẹ̀ rẹ ń ṣe bí ẹsẹ̀ ìyàwó kọ́sítọ́ọ̀mù!" Nígbà náà, ìyàwó kọ́sítọ́ọ̀mù tó wà ní ọ̀nà bodè kì í fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ gbígbóná, bàtà ló máa ń wọ̀ lọ sí odò pàápàá.

Òfin méjì ló wà nínú ẹkù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí wọn, torí orí wọn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Èkínní: ohun tí obìnrin bá kọ lórin nínú ẹkù, inú ẹkù ló ń gbé. Obìnrin lè kọrin bú ìyá ọkọ rẹ̀ níbẹ̀, ó lè kọrin bú ọkọ, ó lè sunkún. Ojúmọ́ kejì, kò sẹ́ni tí yóò bi í léèrè, kò sì sẹ́ni tí yóò kọ orin náà ní ìta. Èkejì: bí iṣẹ́ bá parí, kò sí obìnrin tí í wẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ni yóò bomi, tí yóò fi ọṣẹ dúdú àti kàn-ìn-kàn-ìn wẹ epo kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ, ìwọ náà á sì wẹ ti ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá ti wẹ ẹsẹ̀ rẹ tán, gbogbo ohun tí o sọ nínú kòtò ti ṣàn lọ nìyẹn. O lè wá máa lọ sílé ọkọ rẹ.

Mo ti gbé ìwé sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí n tó kọ èyí tó kàn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó lè pa yín lẹ́rìn-ín. Ìdógò yìí ni ojú irin ti ń parí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a máa ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ láti ọ̀nà Ìlaró kí a tó rí èéfín rẹ̀, gbogbo ẹni tó ní garawa epo á sì máa sáré. Ní ọjọ́ ìkórè kan, àwọn obìnrin ẹkù gbé garawa epo mẹ́ta lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Ìjọ, baba tí kò fẹ́ kí obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ẹkù jókòó níwájú nítorí òórùn, ló ní òun fúnra òun ni yóò gbé garawa dé ibi pẹpẹ. Ó gbé e. Epo ń kán sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò mọ̀. Ìgbà tó yí padà pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lọ sókè, ìdí rẹ̀ sì balẹ̀ gbì. Ìyá Ẹlẹ́kù ké láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde, ẹ ti ń gbóòórùn bíi tiwa!" Àwọn akọrin kò lè kọrin mọ́ lọ́jọ́ náà. Òru ọjọ́ kẹta ni baba náà tó gbà kí wọ́n fi omi gbígbóná tẹ ìdí fún òun.

Ojú irin ti lọ. Wọ́n ti hú òmíràn lára irin náà tà. Ibi tí ẹkù wà, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ́ sí i, ó sì ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá méjì tó kọjú sí fèrèsé wa. Ní ìrọ̀lẹ́, kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, wọn a máa fi orin sí i. Orin tí ẹ ń béèrè yìí wà lára wọn. Ẹnìkan ti tún un ṣe, ó ti fi ìlù ẹ̀rọ gbáà-gbáà sí i. Ṣùgbọ́n gìtá náà ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, gìtá onígi tí kò lo iná, fọ̀ọ̀-pọ̀, fọ̀ọ̀-pọ̀. Ẹ̀yin gbọ́ gìtá. Èmi ń gbọ́ ẹsẹ̀ obìnrin.

Ẹ̀gbọ́n mi ni Àṣàkẹ́. Ìyá kan, baba kan. Òun ló tọ́jú mi nígbà tí ìyá wa kú, owó epo tí ó ń tẹ̀ ni mo sì fi kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìlaró. Òun kò lọ sílé ìwé kankan. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, Dúpẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ọmọ yẹn kò lè jókòó. Bí ó bá ti àárọ̀ jáde, àfi ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti pupa fún erùpẹ̀ títí dé orúnkún, yóò sì fẹ́ sáré wọ yàrá lọ sórí ẹní. Ìyá rẹ̀ á dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ omi, á ké pé, "Dúpẹ́! Wẹsẹ̀ kí o wọlé!" Lójoojúmọ́ ni. Bí aládùúgbò bá gbọ́ ọ, wọ́n á mọ̀ pé ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú.

Ibà gbígbóná mú ọmọ náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni. Ó ti fẹ́ pé ọdún márùn-ún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé fóònù sókè níbi òkú, tí ẹ ń ya fọ́tò pósí, ẹ kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún obìnrin tí ọmọ rẹ̀ kú láyé ìgbà yẹn. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Àwọn àgbà ọkùnrin ilé ọkọ rẹ̀ gbé Dúpẹ́ lọ, wọn kò jẹ́ kó mọ apá ibi tí wọ́n gbà. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sunkún síta, kí inú rẹ̀ má baà kọ ọmọ mìíràn. Wọ́n ní, "Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Wọ́n kó aṣọ ọmọ náà, wọ́n kó abọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó pe Àṣàkẹ́ ní Ìyá Dúpẹ́ mọ́. Bí ẹni pé ọdún márùn-ún náà kò wáyé rí. Mo kọ ọ́ síhìn-ín kí ojú lè ti àwọn tó ṣẹ́ kù nínú ilé náà: agbè tí ẹ ní kò fọ́ yẹn, kò tún gba omi mọ́ títí dòní.

Inú ẹkù nìkan ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Dúpẹ́. Ìyá Ẹlẹ́kù ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí Àṣàkẹ́ padà síbi iṣẹ́, tó bọ́ sínú kòtò tí kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ìyá arúgbó náà gbé igbá rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, kú iṣẹ́ o." Àṣàkẹ́ di ọ̀pá mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Lẹ́yìn náà ni orin jáde lẹ́nu rẹ̀:

*Wẹsẹ̀ kí o wọlé, ọmọ mi,*
*Oòrùn ti rọ̀, adìyẹ ti wọlé;*
*Wẹsẹ̀ kí o wọlé, ọmọ mi,*
*Eruku ọ̀nà pọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ.*

Gbogbo wọn gbè é. Mo wà níbẹ̀, torí ìgbà ìsinmi ni mo máa ń lọ ràn án lọ́wọ́, èmi tíṣà tó ti ń wọ bàtà gogoro. Láti ọjọ́ náà, orin yẹn ni orin ẹkù. Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń pe ọmọ tí kò lè dáhùn.

Ní ọdún náà gan-an ni Tíṣà Onígìtá dé sí ilé ẹ̀kọ́ wa. Ó wá pẹ̀lú ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgàdà, irun rẹ̀ ga bí igbó, ó sì gbé gìtá tó rà ní òdìkejì bodè, lọ́nà Pọ̀bẹ̀, kọ́ èjìká. Bí a bá kí i pé ẹ káalẹ́, á fi èdè Faransé dáhùn pé "bọ̀ǹsúà", àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín. Yàrá kan ló gbà nílé ọkọ Ràbíátù. Ràbíátù jẹ́ ọmọ Ọjà-Ọ̀dàn tí wọ́n fẹ́ wá sí Ìdógò, òun náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ẹkù, ẹnu rẹ̀ mú, ẹ̀rín rẹ̀ sì pọ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé, "Àǹtí Tíṣà, ọkùnrin tó ń ha igi láàárọ̀ lálẹ́ yìí, kò ní jẹ́ kí a sùn. Ẹ bá wa fẹ́ ẹ kó lè rí iṣẹ́ mìíràn ṣe."

Ó ń ṣàwàdà. Èmi kò ṣàwàdà.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti di arúgbó, kò sí ohun tí n óò tún fi bò. Mo máa ń lọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ní ìrọ̀lẹ́, ìwé iṣẹ́ mi lórí itan, bí ẹni tí ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀la. Ó ń ta gìtá, ó ń kùn pé ọwọ́ òun ń rí ohùn ṣùgbọ́n ẹnu òun kò rí ọ̀rọ̀. "Ọ̀rọ̀ tèmi dà bí ìwé kíkà," ó wí. "Mo fẹ́ ọ̀rọ̀ tó ní ẹsẹ̀."

Èmi náà fẹ́ kó wò mí bó ṣe ń wo gìtá yẹn. Mo ya ewé kan nínú ìwé iṣẹ́ mi, mo kọ orin ẹ̀gbọ́n mi sí i, mo sì ṣàmì sórí ọ̀rọ̀ dáadáa, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Lẹ́yìn náà ni mo fi ẹsẹ méjì kan kún un. Ẹ fetí sílẹ̀ níbi yìí. Ọjọ́ kan, òjò lé àwọn yòókù lọ sílé, ó ku èmi àti Àṣàkẹ́ nìkan nínú ẹkù, ó sì kọ ohun tí kò kọ rí:

*Omi gbígbóná tí mo bù dè ọ́,*
*Ó ti ń tutù lẹ́nu ọ̀nà.*

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kọ ọ́. Kò kọ ọ́ mọ́. Mo kọ ìyẹn náà sínú ìwé, mo nawọ́ rẹ̀ sí ọkùnrin náà bí ẹni ń na àgbàdo sísun séèyàn. Mo sọ fún un pé orin ẹkù ni, pé kì í jáde. Ó ní, "Ta ni n óò kọ ọ́ fún? Èmi àti ìwọ nìkan." Bí mo ṣe gbójú sókè, Ràbíátù ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ó rí ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí ojú mi. Ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ẹyin lohùn. Kí ọdún ìwé tó parí, Tíṣà ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ti gba Èkó lọ. Ó ní òun yóò kọ lẹ́tà. Lẹ́tà kan ni mo rí gbà, kò kún ojú ìwé kan. Ìgbà tó yá ni mo rí fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi di èpà fún mi. Mo jẹ èpà náà tán. Ohun tí n óò sọ nípa ìyẹn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí orin náà dé Ìdógò, n kò lè sọ ọ́ ní ṣókí.

Ìgbà ìsinmi ni. Obìnrin méje ló wà nínú kòtò, èmi ni ìkeje. Akọ́pẹ kan tó gbé ìdì ẹyìn wá ti fi rédíò rẹ̀ kọ́ sára igi odán, ó ń sinmi lábẹ́ rẹ̀. Orin tó wà lẹ́nu wa ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ẹsẹ̀ nìkan ló ń lọ. Gìtá bẹ̀rẹ̀ nínú rédíò. Ó bá ẹsẹ̀ wa mu. Mo rántí pé obìnrin kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ gbọ́, ìwọ̀nyí náà ń tẹ epo." Ohùn ọkùnrin jáde. Wẹsẹ̀ kí o wọlé. Ó ti yọ "ọmọ mi" kúrò. "Olólùfẹ́" ló fi sí ipò rẹ̀. Ó sọ òkú ọmọ di ọmọge tó ń bínú.

Ẹsẹ̀ dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi rọlẹ̀, epo bẹ̀rẹ̀ sí í yí ká orúnkún wa, pupa, tí kò sẹ́ni tó re é. Àṣàkẹ́ di ọ̀pá mú, ojú rẹ̀ wà lára igi odán. Ó gbọ́ ọ tán. Ó gbọ́ èyí tó ní omi ti ń tutù náà. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò rẹ́rìn-ín, ó ní orin tó dùn fún àwọn tọkọtaya ni.

Ìyá Ẹlẹ́kù ní, "Ta ló gbé e jáde?"

Ó na igbá rẹ̀ sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mo ní ta ló gbé orin ìyá ọlọ́mọ jáde? Ẹ̀yin méje náà ni. Rédíò kò ní ẹsẹ̀, kò lè wọ inú kòtò yìí wá."

Obìnrin kan wo Ràbíátù. Èkejì náà wò ó. Ẹnìkan ní, "Ilé ta ni Tíṣà ń gbé?" Ó ti tán. Bí ìka kan bá tọ́ epo, á ran àwọn yòókù; ìka tí kò tọ́ ọ ni wọ́n sì nà sí.

Ràbíátù ní, "Èmi? Ẹ wò mí dáadáa. Èmi tí n kò lè rántí orin tí mo bá gbọ́ lánàá?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. Ó yíjú sí mi.

Ẹ̀yin ọmọ, ó wò mí. Kò yára. Ó fún mi láyè tó tó kí ènìyàn ka "A, B, D" dé òpin. Mo ní ẹnu. Mo ní ìwé ẹ̀rí. Mo kọ́ ogójì ọmọ ní kíláàsì kan pé kí wọ́n máa sọ òtítọ́. Mo wo epo tó wà nílẹ̀. Mo ronú pé bí Àṣàkẹ́ bá mọ̀, n kò ní ẹnikẹ́ni láyé mọ́, òun náà kò sì ní ẹnikẹ́ni mọ́. Àlàyé tí mo ṣe fún ara mi nìyẹn, mo sì ti ń ṣe é láti ìgbà náà.

Ràbíátù wo Àṣàkẹ́, ó tún wò mí. Ó wá ní, "Ó dáa. Bí ẹ bá ní èmi ni, èmi náà ni."

Ó jáde nínú kòtò. Ó jókòó sórí òkúta tí a ti ń wẹsẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó dúró. Kò sẹ́ni tó bomi. Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú kòtò lọ́jọ́ náà. Èmi ló yẹ kí n wẹ̀ ẹ́. N kò yísẹ̀. Nígbà tó dúró pẹ́, ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ elépo rìn lọ sílé. Ọ̀nà náà jẹ́ erùpẹ̀ funfun nígbà yẹn. Ipasẹ̀ rẹ̀ hàn lọ gbọọrọ, ó dúdú, ó ń dán, láti ẹkù dé ilé ọkọ rẹ̀, gbogbo ìlú sì kà á bí ìwé. Òjò tó wẹ̀ ẹ́ kúrò kò rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Agbórinjáde. Àwọn ọmọdé fi ń kọrin lé e lọ́jà. Orúkọ náà ló gbé wọ sàréè, kò sì fi ọjọ́ kan wá sí ẹnu ọ̀nà mi láti sọ pé kí n jẹ́wọ́. Ì bá ti wá! Mo kórìíra rẹ̀ nítorí pé kò wá.

Àṣàkẹ́ kò kọrin mọ́. Kò tẹ epo mọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Láìpẹ́ wọ́n gbé ẹ̀rọ wá, kòtò sì gbẹ.

Orin náà ní tirẹ̀ kò gbẹ. Ẹ ti mọ ìyókù: àwọn ọmọ yunifásítì kọ ọ́, wọ́n fi gbé ìyàwó, wọ́n kọ ọ́ nílé ọtí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níhìn-ín, èmi ni mo ń darí àwọn akọrin lọ́jọ́ tí ìyàwó kan ní òun fẹ́ fi wọlé. Mo darí rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ mi sókè, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ìjókòó kẹta.

Ní báyìí, èmi àti òun là ń gbé ilé baba wa, opó méjì, torí èmi náà lọ́kọ nígbà tó yá. Ó ti dàgbà púpọ̀, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lórí rẹ̀ mọ́. Ó lè béèrè ìyá wa lọ́wọ́ mi láàárọ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù bá fi orin náà sí i, yóò dìde. Yóò bomi sínú abọ́, yóò gbé e sẹ́nu ọ̀nà, yóò jókòó tì í títí omi náà yóò fi tutù. Yóò dà á nù, yóò wọlé. N kì í bá a sọ̀rọ̀ nígbà náà. N kì í lè kọjá lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ tí ẹ rán Mùíbátù wá ni mo fẹ́ fi parí rẹ̀.

Ẹ̀yin rò pé tíṣà kékeré kan lásán ni ẹ rán. Ọmọ ọmọ Ràbíátù ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó jókòó, eruku ọ̀kadà bò ó lẹ́sẹ̀ títí dé ọrùn-ẹsẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, ṣé kí n gba ohùn yín sílẹ̀ sínú fóònù?" Ó ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ orin náà kí n lè rántí. Kí n tó wí pé rárá, ó ti tẹ̀ ẹ́.

Àṣàkẹ́ jáde láti yàrá pẹ̀lú abọ́ omi. Mo ní kí n dìde gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọjá lára mi. Ó wo ọmọ náà lójú. Ẹ ti rí ojú Mùíbátù. Bí Ràbíátù ṣe rí lọ́jọ́ yẹn gan-an nìyẹn, àní àlàfo eyín iwájú náà wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé abọ́ sílẹ̀, ó fi ìrora kúnlẹ̀, arúgbó bẹ́ẹ̀, ó sì bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà.

Mùíbátù fẹ́ fò dìde. "Ẹ̀! Màmá Àgbà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Èmi ló yẹ kí n kúnlẹ̀ fún yín!"

"Jókòó, Ràbí," Àṣàkẹ́ wí. Ó bomi sí i lẹ́sẹ̀. "O ti dúró pẹ́ jù. Kò sẹ́ni tó wẹ̀ ọ́."

"Màmá, Mùíbátù ni mí. Màmá wa àgbà ni Ràbí."

Kò gbọ́ ọ, tàbí kò kà á sí. Ó ń fi àtàǹpàkò rẹ̀ nu àárín ìka ẹsẹ̀ ọmọ náà, bí a ṣe ń ṣe é láyé ọjọ́sí, tí epo kì í fi í ṣẹ́ kù síbẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ ọ̀rọ̀ omi yẹn. O ti lọ sílé. Ẹni méjì péré ló kù nínú ẹkù."

Orin ṣì ń lọ nínú fóònù. Mùíbátù wò mí pé kí n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Mo ń wo ẹ̀gbọ́n mi.

Ó ti mọ̀. Ó mọ̀ lábẹ́ igi odán lọ́jọ́ náà, kí rédíò tó dákẹ́. Ó mọ̀ ọ́, ó bá mi jẹun. Ó mọ̀ ọ́, ó jókòó ní ìjókòó kẹta, ó ń wo ọwọ́ mi bó ṣe ń lọ sókè sódò. Òun náà jẹ́ kí Ràbíátù fi ẹsẹ̀ elépo rìn lọ sílé, kí ó má baà pàdánù mi. Ohun tí mo fi pa mọ́ fún un ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, òun ló ń bá mi fi pa mọ́.

Mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún Mùíbátù lọ́jọ́ náà, mo sì kọ ọ́ síhìn-ín kí gbogbo ìlú lè kà á bí wọ́n ṣe ka ipasẹ̀ ìyá àgbà rẹ̀: èmi ni. Èmi ni mo gbé orin náà jáde. Ọmọ náà kò bú mi. Ó ní, "Màmá wa àgbà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan rédíò nílé wa nígbà ayé wọn. A rò pé nítorí ẹ̀sìn ni." Ó wọ bàtà rẹ̀, ó gbé fóònù rẹ̀, ó lọ.

Ẹ lè ri òkúta yín mọ́ ibi tó bá wù yín. Bí ẹ bá kọ orúkọ ọkùnrin yẹn sí i, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Òkè ni kí ẹ kọ Ìyá Dúpẹ́ sí. Ẹ má kọ Àṣàkẹ́. Ìyá Dúpẹ́ ni kí ẹ kọ. Kí ẹ sì kọ Ràbíátù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pé kò gbé nǹkan kan jáde. Ẹ má dárúkọ mi.

Nígbà tí Mùíbátù lọ tán, Àṣàkẹ́ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo bọ́ bàtà mi. Mo jókòó sórí àga tí ọmọ náà dìde lórí rẹ̀, mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì sí i, mo dúró. Ó wo ẹsẹ̀ náà pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀ dìde, ó gbé abọ́ náà, ó da omi inú rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi tan iná ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Mo wá dìde, mo lọ bomi, mo sì wẹ ẹsẹ̀ ara mi.